Oníbàárà mi ka gbogbo owó inú wọ́lẹ́ẹ̀tì mi sí mi létí: ṣé kò sí àṣírí nínú kíríptò ni?

Àbẹ̀kẹ́_Ayàwòrán:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwòrán ni mo ń yà fún àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àmì ilé iṣẹ́, ẹ̀yìn ìwé, nǹkan báyẹn. Kíríptò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń sanwó fún mi. USDT (kíríptò tí iye rẹ̀ ń bá dọ́là dọ́gba) lórí Ethereum ló pọ̀ jù, àwọn díẹ̀ ń fi bitcoin san. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni mo lẹ̀ mọ́ ojú ìwé mi látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Oníbàárà tuntun kan dé, a ń ná iṣẹ́, mo pe iye mi. Dípò kó dá iye tirẹ̀, screenshot ló fi ránṣẹ́ sí mi. Gbogbo owó inú wọ́lẹ́ẹ̀tì mi ló wà níbẹ̀, títí kan èyí tí mò ń tọ́jú láti fi ra kọ̀ǹpútà. Ó wá fa ìlà pupa sábẹ́ owó tí ẹlòmíì san fún mi lóṣù tó kọjá, ó ní, "Ìdajì iye tó o pè fún mi lo gbà lọ́wọ́ ẹni yìí. Owó sì wà lọ́wọ́ rẹ. Kí ló dé tí o kò lè dín in kù?"

Ohun tí wọ́n sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó ni owó nínú kíríptò. Mi ò sá fún owó orí, mi ò jí owó ẹnikẹ́ni. Mi ò kàn fẹ́ kí oníbàárà máa ka owó inú àpò mi kó tó ná ọjà ni. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ:
Háà! Ìnákúnàá rèé o. Sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ ló wá ná, kì í ṣe àpò rẹ. Mo ti jókòó síbí, èmi náà fẹ́ gbọ́.

Baba_Node:
Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ ló ṣì ọ́ lọ́nà. Bitcoin ò ṣèlérí rẹ̀ rí. Nínú ìwé olójú ewé mẹ́sàn-án tí Satoshi Nakamoto gbé jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2008, ìpín kan wà tó dá lórí àṣírí. Ohun tó wí níbẹ̀ ni pé gbogbo ayé á máa rí i pé ẹnì kan fi iye báyìí ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, àmọ́ kò ní sí ohun tó so owó náà mọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó wá gbani nímọ̀ràn pé ká máa lo kọ́kọ́rọ́ tuntun, ìyẹn àdírẹ́sì tuntun, fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ààbò tó wà níbẹ̀ nìyẹn: àdírẹ́sì wà níta, orúkọ wà nílé. Lọ́jọ́ tí orúkọ bá ti pàdé àdírẹ́sì, gbogbo ohun tí àdírẹ́sì yẹn ti ṣe sẹ́yìn di tìrẹ, èyí tó máa ṣe lọ́la náà sì di tìrẹ. Ojú ewé kan náà lo lẹ àwọn méjèèjì mọ́.

Ti Ethereum tún burú jù ú lọ, torí àkáǹtì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ibẹ̀ ni USDT wà, ibẹ̀ ni ETH, owó Ethereum fúnra rẹ̀, wà, ibẹ̀ ni NFT tó o rà nígbà tí ojú ń dá ọ wà. Tó o bá wá ra orúkọ .eth, orúkọ tó dúró fún àdírẹ́sì rẹ, lé e, o ti gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

Kó o tó ṣe ohunkóhun, dá mi lóhùn: ta gan-an ni o kò fẹ́ kó rí owó rẹ? Ṣé oníbàárà ni, àbí olè, àbí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó ìsọfúnni jọ, àbí ìjọba? Ọgbọ́n tá a máa dá sí wọn ò jọra.

Àbẹ̀kẹ́_Ayàwòrán:
Oníbàárà àti olè ni, ẹ̀gbọ́n. Ìjọba ti mọ̀ mí, mo ń san tèmi.

Tanmọ́là:
Ẹ̀gbọ́n, wọ́lẹ́ẹ̀tì bitcoin tèmi máa ń fún mi ní àdírẹ́sì tuntun nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ gba owó. Ṣé ìyẹn ò tó?

Baba_Node:
Ó tó, títí dìgbà tó o bá fẹ́ náwó. Jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní oníbàárà mẹ́ta sanwó fún ọ sí àdírẹ́sì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: 0.02 BTC, 0.03 BTC àti 0.011 BTC. Títí di báyìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnì kan ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́jọ́ kan, o fẹ́ san 0.05 BTC fún ẹnì kan. 0.02 àti 0.03 pé 0.05 géérégé, àmọ́ kò ní ku ohun tó o máa fi san owó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torí náà wọ́lẹ́ẹ̀tì á fa 0.011 mọ́ ọn láì bi ọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ wọ inú ìsanwó kan ṣoṣo. Lódì kejì, 0.05 á jáde sí àdírẹ́sì kan, 0.0109 á jáde sí òmíì, 0.0001 tó kù á lọ fún àwọn awakùsà, ìyẹn àwọn tó ń kọ ìsanwó sílẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Wo ohun tí ẹni tó wà níta ti rí mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹni tó fọwọ́ sí ìsanwó yẹn gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà ẹnì kan ló ni wọ́n. Oníbàárà àkọ́kọ́ ti lè rí ohun tí èkejì àti ẹ̀kẹta san. Ìyẹn nìkan kọ́. 0.05 yẹn ló jọ iye tí èèyàn fẹnu dá. 0.0109 tó rí jágajàga ni ṣéńjì, a jẹ́ pé àdírẹ́sì tó gba ṣéńjì yẹn náà jẹ́ tìrẹ. Wọ́n á kàn máa tẹ̀ lé ṣéńjì lọ láti ìsanwó dé ìsanwó.

Kì í ṣe àròsọ o. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì California ní San Diego àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ọgbọ́n méjèèjì yìí kó àìmọye àdírẹ́sì jọ ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀. Àwọn fúnra wọn wá lọ rajà, wọ́n fi owó sí àwọn ilé pàṣípààrọ̀, ibi tí wọ́n ti ń ra kíríptò tí wọ́n sì ti ń tà á, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Elliptic bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013 kan náà, Chainalysis tẹ̀ lé e lọ́dún 2014, irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ń jẹun títí dòní.

Wá wọ́lẹ́ẹ̀tì tó máa jẹ́ kó o fọwọ́ ara rẹ yan owó tó o fẹ́ ná. Sparrow ń ṣe é, Electrum náà ń ṣe é. Bí owó bá ṣe ń wọlé ni kó o máa kọ orúkọ sí i lára: "ẹ̀yìn ìwé, oníbàárà kìíní." Má jẹ́ kí owó oníbàárà kìíní àti ti ìkejì wọ inú ìsanwó kan náà tó ò bá fẹ́ kí wọ́n mọ ara wọn.

Mama_Satoshi:
Ọ̀rọ̀ Baba_Node dáa, àmọ́ ti bitcoin nìyẹn. USDT lórí Ethereum ni ọmọ yìí ń gbà jù, pàkúté ibẹ̀ sì yàtọ̀.

Ó rọrùn láti ṣí àkáǹtì mẹ́wàá nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì MetaMask, kéèyàn pín in fún oníbàárà mẹ́wàá. Wọ́n sanwó, inú rẹ dùn. Ó wá di pé kó o kó USDT yẹn jáde, MetaMask ní kò sí ETH tó o máa fi san gas, ìyẹn owó nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ethereum. Kí ni gbogbo èèyàn ń ṣe? Wọ́n á fi ETH táṣẹ́rẹ́ ránṣẹ́ síbẹ̀ láti inú wọ́lẹ́ẹ̀tì ńlá wọn. Ó parí! ETH táṣẹ́rẹ́ yẹn ti so àkáǹtì tuntun mọ́ ti àtijọ́, kò sì sí ohun tó lè pa á rẹ́ mọ́ láéláé. Ẹni tó bá mọ Etherscan lò, ojú òpó tí wọ́n ti ń wo gbogbo ìsanwó Ethereum, kó tó mu omi tán, ó ti rí i.

Láti ilé pàṣípààrọ̀ ni èmi ti ń fa ETH gas lọ tààrà sí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan. Àdírẹ́sì tí wọ́n fi ń rán owó jáde, òun náà ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ fún ogunlọ́gọ̀ àwọn oníbàárà wọn, kò sọ nǹkan kan nípa mi. Ilé pàṣípààrọ̀ fúnra rẹ̀ mọ̀ o, wọ́n ti gba káàdì ìdánimọ̀ mi, wọ́n sì ti ya ojú mi. Ìyẹn ò kàn mí, wọn kọ́ ni mò ń pa á mọ́ fún.

Àmọ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa: àdírẹ́sì tí ilé pàṣípààrọ̀ fún ọ láti fi owó síbẹ̀, ìwọ nìkan ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Tó o bá wá fi USDT inú àkáǹtì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ránṣẹ́ síbẹ̀, o ti fi ẹnu ara rẹ sọ pé ẹnì kan ló ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọ̀ nípa gas ni kò mọ̀ nípa èyí.

Tanmọ́là:
Kí la wá fẹ́ ṣe, Mama? Ẹ̀yìn ò ṣeé bọ́ sí, iwájú ò ṣeé lọ.

Mama_Satoshi:
Ná owó náà láti ibi tó wà. Mo lẹ́ni tó ń bá mi kọ kóòdù, USDT ni òun náà ń gbà. Láti inú àkáǹtì oníbàárà kìíní ni mo ti ń san tirẹ̀ tààrà, mi ò kọ́kọ́ kó o jọ sójú kan. Àwọn ilé pàṣípààrọ̀ kan tún ń jẹ́ kéèyàn gba àdírẹ́sì ìfowósí tuntun, wo inú ètò tìrẹ. Ní ti gas, láti oṣù karùn-ún ọdún 2025 tí àtúnṣe Pectra ti wọ Ethereum, ó ti rọrùn fún wọ́lẹ́ẹ̀tì láti jẹ́ kí ẹlòmíì bá ọ san gas, tàbí kó o fi token mìíràn san án. Kì í ṣe gbogbo wọ́lẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe é, ó sì yẹ kó o mọ ẹni tó ń bá ọ san án, torí òun náà ń rí ọ.

Sọ̀rọ̀sókè:
Gbogbo àlàyé yìí! Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, kí ló ń fi pamọ́? Àwọn oníjìbìtì lẹ ń kọ́ níṣẹ́.

Mama_Satoshi:
Sọ̀rọ̀sókè, fi iye tó wà nínú àkáǹtì báńkì rẹ sábẹ́ orúkọ rẹ níbí kí gbogbo wa rí i. A ń dúró dè ọ́.

Kì í ṣe ìtìjú lásán ni àṣírí wà fún. Lóṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ajínigbé gbé David Balland, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Ledger, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú kíríptò, sílẹ̀, nínú ilé rẹ̀ ní Faransé. Wọ́n gé ìka rẹ̀ kan, wọ́n sì ń béèrè owó kíríptò kí àwọn ọlọ́pàá tó dá a nídè. Èèyàn ńlá nìyẹn, ẹ lè ní kò kàn yín. Àmọ́ ti ọdún 2020 ńkọ́, nígbà tí ìsọfúnni àwọn tó ra ẹ̀rọ Ledger bọ́ sí ìta? Lóṣù kejìlá ọdún náà, orúkọ, àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà fóònù àwọn bí 272,000 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́. Lóṣù karùn-ún ọdún 2025, Coinbase, ilé pàṣípààrọ̀ ńlá kan, náà sọ pé àwọn kan fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dá oníbàárà lóhùn ní rìbá, wọ́n sì kó ìsọfúnni àwọn tó lé ní 69,000 lọ.

Kò sí èyí tó jáde láti orí blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ ìsanwó tí gbogbo ayé ń rí, nínú gbogbo rẹ̀. Ibi tá a ti fi orúkọ sílẹ̀ ló ti jáde. Tí olè bá wá ní orúkọ rẹ àti ilé rẹ, tó sì tún lè lọ wo orí blockchain kó mọ iye tó o ní, ìwọ náà rò ó wò.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ:
Mama ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kan sí i: ẹnu ẹyẹ ló ń pa ẹyẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tó ń fi èrè wọn hàn lórí X, ẹ kàn lọ ka iye owó àti àkókò tó wà nínú fọ́tò wọn. Kódà tí wọ́n bá ti fi ìka bo àdírẹ́sì, iye owó tó pé pérépéré àti wákàtí tó wọlé ti tó láti wá a rí lórí blockchain.

Baba_Node, mo tún gbọ́ pé wọ́lẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn. Ṣé òótọ́ ni?

Baba_Node:
Òótọ́ ni. Wọ́lẹ́ẹ̀tì orí fóònù rẹ ò tọ́jú blockchain. Sáfà kan ló ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Èló ló wà nínú àdírẹ́sì yìí, èló ló wà nínú ìyẹn?" Sáfà yẹn ń rí àdírẹ́sì IP rẹ, ó sì ń rí i pé ẹnì kan náà ló béèrè nípa gbogbo àkáǹtì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó o pín káàkiri. Lóṣù kọkànlá ọdún 2022, ConsenSys tó ni MetaMask kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé Infura, sáfà tí MetaMask ń bá sọ̀rọ̀, máa ń gba àdírẹ́sì IP àti ti wọ́lẹ́ẹ̀tì nígbà tí èèyàn bá fi owó ránṣẹ́. Ariwo ta. Ohun tó sì ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kàn kọ sílẹ̀.

Bí o bá lọ wá àdírẹ́sì ara rẹ lórí block explorer, irú ojú òpó bíi Etherscan, bákan náà ni. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: àwọn kan á ṣe wàhálà títí lórí àṣírí, wọ́n á wá máa lọ wo gbogbo àdírẹ́sì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ojú òpó kan ṣoṣo, láti orí fóònù kan ṣoṣo.

Ti bitcoin rọrùn láti yanjú. Fi Bitcoin Core, tó máa tọ́jú blockchain fúnra rẹ̀, sórí kọ̀ǹpútà tìrẹ, jẹ́ kó gba Tor lọ, ọ̀nà tó ń fi àdírẹ́sì IP pa mọ́, kó o so Sparrow mọ́ ọn. Tí àyè ò bá tó lórí ẹ̀rọ rẹ, o lè ní kó máa pa àwọn búlọ́ọ̀kì àtijọ́ rẹ́ bó ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò. Ti Ethereum le díẹ̀, node rẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣiṣẹ́) wúwo. Ó kéré tán, má kó àkáǹtì tí o kò fẹ́ kó mọ ara wọn sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì kan náà.

Òkùnkùn_Biribiri:
Ẹ̀yin àgbà ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Kó o gbé owó náà sínú Tornado Cash, mixer tó ń da owó ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀, kó jáde níbòmíì, ó tán. Tàbí kó o lo Monero, kíríptò tó ń pa àṣírí mọ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2014 ló ti wà. Àdírẹ́sì ẹni tó gba owó kì í hàn lórí rẹ̀, wọ́n ti ń fi iye owó pa mọ́ láti ọdún 2017, owó tí ẹni tó rán an ná sì ń fara pa mọ́ sáàárín owó mẹ́rìndínlógún, ọ̀kan péré ló jẹ́ tirẹ̀.

Amòfin_Kékeré:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kó wọ inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 2022, ilé iṣẹ́ ìṣúra Amẹ́ríkà fòfin de Tornado Cash, wọ́n ní àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì láti Àríwá Kòríà ń fi fọ owó. Netherlands mú Alexey Pertsev, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ọ́, ilé ẹjọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù 64 lóṣù karùn-ún ọdún 2024. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà ní kóòdù tí ẹnikẹ́ni ò lè yí padà mọ́ kì í ṣe dúkìá tí ilé iṣẹ́ ìṣúra lè gbẹ́sẹ̀ lé. Lóṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n yọ orúkọ Tornado Cash kúrò nínú ìwé àwọn tí wọ́n fòfin dè. Ẹ má tíì yọ̀ o: lóṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, wọ́n dá Roman Storm tí wọ́n jọ kọ ọ́ lẹ́bi ní New York pé ó ń ṣe iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ láìgbàṣẹ. Àwọn méjì tó dá Samourai Wallet, wọ́lẹ́ẹ̀tì bitcoin tó ní mixer nínú, sílẹ̀ náà, wọ́n mú wọn lóṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n sì ti gbà pé àwọn jẹ̀bi.

Ẹni tó kọ kóòdù ni gbogbo ìwọ̀nyí, kì í ṣe ẹni tó lò ó. Àmọ́ owó tó bá gba inú mixer kọjá máa ń ní àmì lára lójú ilé pàṣípààrọ̀. Wọ́n lè dá a dúró, kí wọ́n ní kó o wá ṣàlàyé ibi tó o ti rí i. Ṣé torí pé oníbàárà kan ń yọjú wo àpò ayàwòrán ló ṣe máa gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀?

Ohun kejì: USDT kì í ṣe bitcoin. Tether tó ṣe é lè ti àdírẹ́sì kan pa, owó ibẹ̀ ò sì ní ṣeé ná mọ́. Ó ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ àdírẹ́sì.

Baba_Node:
Mi ò ní bá Òkùnkùn jà lórí Monero, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe síbẹ̀. Àmọ́ USDT ni oníbàárà Àbẹ̀kẹ́ fi ń san. Kó gba inú Monero lọ kó tún padà, ẹnu ọ̀nà méjèèjì wà ní gbangba. Fi 1.37 ETH wọlé, kó ohun tó tó 1.36 ETH jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tó bá fi iye àti àkókò wé ara wọn á so wọ́n pọ̀ ni. Zcash, kíríptò mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 2016, náà ní irú ìṣòro yìí: ó ní àdírẹ́sì tó bo ara àti èyí tó wà ní gbangba bíi ti bitcoin, àwọn èèyàn sì máa ń ti gbangba wọlé, kí wọ́n tún jáde sí gbangba pẹ̀lú iye kan náà.

Ibi tí wọ́n ti ń tà á náà ń dín kù. Ilé pàṣípààrọ̀ Binance yọ Monero kúrò lóṣù kejì ọdún 2024.

Olùrànlọ́wọ́_Kíákíá:
[Olùdarí ti pa ìdáhùn yìí rẹ́]

Olùdarí:
Ẹni tí mo pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́ ní kí Àbẹ̀kẹ́ kọ ọ̀rọ̀ méjìlá wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí gbogbo owó inú rẹ̀, ránṣẹ́ sí òun kí òun lè bá a "bo owó náà lára". Mo ti lé e. Kò sí iṣẹ́ kankan lábẹ́ ọ̀run tó gba kí ẹlòmíì rí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ máa bá ìjíròrò lọ.

Àbẹ̀kẹ́_Ayàwòrán:
Mo rí ti ẹni yẹn, mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà.

Nǹkan kan tún ń rú mi lójú. Látàná, mò ń rí ìsanwó USDT òdo nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì mi, ó dà bíi pé èmi ni mo rán an jáde, mi ò sì rán nǹkan kan. Àdírẹ́sì tó lọ jọ ti ẹni tí mo máa ń sanwó fún.

Mama_Satoshi:
Má fọwọ́ kàn án! Àwọn olè rí i pé àdírẹ́sì rẹ ń ṣiṣẹ́, wọ́n wá ṣe àdírẹ́sì tí lẹ́tà mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ bá ti ẹni tó ò ń sanwó fún mu. Wọ́n ń retí pé lọ́jọ́ kan wàá dà á kọ láti inú àkọsílẹ̀ ìsanwó rẹ. Lóṣù karùn-ún ọdún 2024, ẹnì kan fi 1,155 WBTC (token orí Ethereum tó dúró fún bitcoin) ránṣẹ́ sí irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀, owó tó sún mọ́ mílíọ̀nù 70 dọ́là. Orí ló kó o yọ, olè náà dá èyí tó pọ̀ jù padà lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Máa tọ́jú àdírẹ́sì àwọn èèyàn rẹ sínú ìwé àdírẹ́sì wọ́lẹ́ẹ̀tì, kó o sì wo àárín rẹ̀ náà, má wo orí àti ìdí nìkan.

Tanmọ́là:
Ti Lightning, ọ̀nà ìsanwó kíákíá tó wà fún bitcoin, ńkọ́ o? Mo gbọ́ pé ìsanwó ibẹ̀ kì í hàn lórí blockchain.

Baba_Node:
Kì í hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dáa fún owó kékeré. Node tó wà lójú ọ̀nà mọ ẹni tó gbé e fún un àti ẹni tó máa gbé e fún, kò mọ orísun, kò mọ ìparí. Ẹni tó ń sanwó ló rí ààbò jù níbẹ̀. Ẹni tó ń gbà á ń fi orúkọ node rẹ̀ hàn nínú ìwé owó, wọ́n sì lè ti ibẹ̀ mọ àwọn channel rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí owó ń gbà láàárín òun àti node míì. Tó bá wá jẹ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ kan ń bá ọ tọ́jú owó ibẹ̀, ilé iṣẹ́ yẹn ń rí gbogbo rẹ̀, bíi báńkì.

Amòfin_Kékeré:
Ẹ má gbàgbé pé ilé pàṣípààrọ̀ kan ń sọ fún èkejì. Láti ọdún 2019 ni FATF, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti fífọ owó, ti ní kí wọ́n máa fi orúkọ ẹni tó rán owó àti ẹni tó gbà á ránṣẹ́ pẹ̀lú owó, láti 1,000 dọ́là tàbí yúrò sókè. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 2024, tiwọn ò tiẹ̀ wo bó ṣe kéré tó. Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, àwọn orúkọ tí Baba_Node ní kó o máa kọ sára owó yẹn, tọ́jú wọn dáadáa. Nígbà tí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ibi tí owó ti wá, òun lo máa gbé jáde. Kéèyàn fi owó pa mọ́ fún oníbàárà kò ní kéèyàn má ní ìwé lọ́wọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Ayàwòrán:
Mo ti yọ àdírẹ́sì yẹn kúrò lójú ìwé mi. Fún bitcoin, ọ̀rẹ́ mi kan ń bá mi gbé BTCPay Server kalẹ̀, ó ní á máa fún ìwé owó kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Fún USDT, oníbàárà kan, àkáǹtì kan, gas láti ilé pàṣípààrọ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. BTCPay ń béèrè xpub, ṣé kò léwu? Owó tó wà nínú àdírẹ́sì àtijọ́ ńkọ́, ṣé kí n kó o lọ sí tuntun?

Baba_Node:
Xpub ni kọ́kọ́rọ́ gbangba tí wọ́lẹ́ẹ̀tì fi ń ṣe àdírẹ́sì rẹ. Kò lè ná owó rẹ, àmọ́ ẹni tó bá ní i lè rí gbogbo àdírẹ́sì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ti àná àti ti ọ̀la. Sórí sáfà tìrẹ, kò burú. Sórí sáfà ẹlòmíì, o ti fún un ní ìwé ìṣirò owó rẹ. Èyí tó tún burú jù: tí xpub bá bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, tí kọ́kọ́rọ́ àṣírí àdírẹ́sì kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀ tún bọ́ sí i lọ́wọ́, ó lè ṣírò kọ́kọ́rọ́ gbogbo èyí tó kù. Torí náà, má ṣe yọ kọ́kọ́rọ́ kankan jáde.

Owó àtijọ́, má kó o lọ sí tuntun lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe lo máa gbé orúkọ rẹ lọ síbẹ̀. Jẹ́ kó wà níbi tó wà. Ìnáwó tí kò ní àṣírí nínú, irú èyí tó o máa tà ní ilé pàṣípààrọ̀ kó o lè ra kọ̀ǹpútà yẹn, láti ibẹ̀ ni kó o ti máa ṣe é. Kó máa tán díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ti wà lórí blockchain ò ní kúrò níbẹ̀.

Onílù_Kan:
Ẹ jọ̀wọ́, èmi kì í fún èèyàn ní ìwé owó. Olórin ni mí, àwọn tó ń gbọ́ orin mi ló ń fi bitcoin ta mí lọ́rẹ. Àdírẹ́sì kan gbọ́dọ̀ wà lójú ìwé mi. Ṣé kò sí ọ̀nà fún mi?

Baba_Node:
Wá wọ́lẹ́ẹ̀tì tó ní silent payments, BIP 352 ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú àwọn àbá bitcoin. Àdírẹ́sì gígùn kan ṣoṣo, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sp1, lo máa lẹ̀ mọ́ ojú ìwé rẹ. Wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹni tó fẹ́ ta ọ́ lọ́rẹ á ṣírò àdírẹ́sì tuntun láti ara rẹ̀, ibẹ̀ ni owó máa lọ. Ẹni tó ń wo blockchain ò ní rí sp1 yẹn níbì kankan, kò sì ní mọ̀ pé ọrẹ méjì lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan náà. Ìṣòro rẹ̀ méjì ni: wọ́lẹ́ẹ̀tì tìrẹ gbọ́dọ̀ máa yẹ àwọn ìsanwó tó ń wọlé sórí blockchain wò lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó rí tìrẹ, iṣẹ́ ńlá nìyẹn fún fóònù. Wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹni tó ń ta ọ́ lọ́rẹ náà sì gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè rẹ̀, ọ̀pọ̀ ò tíì gbọ́ ọ.

Onílù_Kan:
Ẹ ṣé, bàbá. Màá fi í sí ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì àtijọ́ ná, kí ẹni tí wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá gbọ́ ọ lò ó.

Baba_Node:
Ìyẹn náà dáa. Tí owó bá wọlé sí méjèèjì, má pa wọ́n pọ̀ nígbà tó o bá ń ná an.